Igi Ìyá Eléwé

Má-fọwọ́-kàn-án ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ń pè mí. Mi ò bínú sí i. Ọdún kẹfà rèé tí kọ́kọ́rọ́ ilé ìkó-ata ti ń so mọ́ etí ìró mi, èmi ni mo sì ń tọ́jú gbogbo ohun tó jẹ́ ti ẹgbẹ́: òṣùwọ̀n, tapólì tí à ń sá ata sí, àpò òfìfo, àti ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fi fín ata. Bí ẹnikẹ́ni bá nawọ́ sí ọ̀kan nínú wọn, ohùn mi á ti dé ibẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé. Wọ́n á ní, "Má-fọwọ́-kàn-án, ṣé a lè fọwọ́ kan ilẹ̀kùn kí á tó wọlé, àbí kí á gba ojú fèrèsé?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọn ò ní fọwọ́ kàn án.

Obìnrin méjìlélọ́gbọ̀n ni wá. Kò sí ẹni tí oko rẹ̀ tóbi nínú wa. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé bó bá sín lórí ebè àkọ́kọ́, ẹni tó wà lórí ebè ìkẹyìn á kí i pé pẹ̀lẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan ló ń ra ata wa. Wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń kó o lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ń rà á ní iye tó ju ti ọjà lọ nítorí àdéhùn kan: oògùn tí wọ́n ń tà nínú ìgò kò gbọdọ̀ kan ata náà rárá. Eérú, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ewé, gbogbo ìyẹn kò burú. Àpò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ẹni tó gbìn ín lára, tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan ní òpin ayé bá rí ohun tí kò tọ́ nínú ata, wọ́n á tọ nọ́ńbà náà padà títí dé orí ebè. Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà bí a ṣe dàgbà jura wa lọ. Ìyá Eléwé ni kìn-ín-ní, èmi ni ìkeje.

Ìyá Eléwé ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ìlú ńlá, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí i. Ohun tó ní kò ju oko ata rẹ̀ lọ, àti igi dóńgóyárò ńlá kan lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, igi tí ọkọ rẹ̀ gbìn lọ́dún tí wọ́n kọ́lé. Ewé igi náà ló sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì á já a, á gún un nínú odó, á rẹ ẹ́ mọ́jú, á fi aṣọ sẹ́ ẹ, á bu ọṣẹ díẹ̀ sí i. Omi yìí ló ń lé kòkòrò kúrò lára ata gbogbo wa. Ó korò, ó sì ń rùn. Bí a bá fọwọ́ di imú, á ní, "Kòkòrò ni mo ní kó sá. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló lé yín?"

Kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa lórí ewé náà. Ọ̀wọ̀ kan ṣoṣo tí a ń ṣe fún un ni pé òun ló ń kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ lọ́jọ́ ìfín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tíṣà, alága wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Lẹ́yìn Tíṣà ni Onídìrí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí yóò fi kan ẹni tó kéré jù. Kò sẹ́ni tó jiyàn sí i rí, torí àgbà ló ń ṣáájú.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni àbúrò ọkọ mi wá sílé wa. Bọ̀dá Kékeré ni mo ń pè é. Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé-ẹ̀kọ́, èmi ni mo sì ń bá a wá bàtà rẹ̀ láàárọ̀. Síbẹ̀, ọkọ mi ni. Bí ilé ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn.

"Ìyàwó wa," ó ní, "kòkòrò ti fẹ́ jẹ ẹ̀wà mi tán. Ẹ yá mi ní ẹ̀rọ yẹn. Ọ̀la ni màá dá a padà."

"Kí lẹ fẹ́ fi fín in?"

"Oògùn inú ìgò ni. Àbí ẹ fẹ́ kí n lọ máa gún ewé?"

"Kò ní ṣeé ṣe, Bọ̀dá Kékeré. Ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ni. Oògùn kì í kàn án."

Ó yíjú sí bàbá àwọn ọmọ mi, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń gé èékánná ẹsẹ̀. Ìyẹn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ṣé nítorí ike lásán lo ṣe fẹ́ sọ fún àbúrò mi pé kì í ṣe ará ilé yìí?"

Mo ti bá obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n jà lórí ẹ̀rọ yẹn. Mo ti lé ọmọ tí mo fi ọmú mi tọ́ kúrò nídìí rẹ̀. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, adìẹ ilé ọkọ mi ló gbé èmi àwòdì. Mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, mo lọ gbé ẹ̀rọ fún un.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló dá a padà. Mo ṣí ọmọrí rẹ̀, òórùn náà sì gbá mi nímú.

"Ṣé ẹ fọ̀ ọ́?"

"Mo da omi sí i, mo gbọ̀n ọ́n nù." Ó ti ń lọ kó tó sọ ọ́ tán.

Mo bu eérú sí i, mo da omi lé e, mo gbọ̀n ọ́n títí apá fi ń ro mí, mo dà á nù. Mo tún gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Ó ti dín kù, kò tán. Ọjọ́ ìfín sì ni ọ̀la. Bí mo bá ní kí wọ́n má lò ó, wọ́n á bi mí pé kí ló dé, wọ́n á sì mọ̀ pé Má-fọwọ́-kàn-án ti gbé nǹkan ẹgbẹ́ fún ará ilé rẹ̀. Ojú ti ń tì mí kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Mo sọ fún ara mi pé òórùn lásán ló kù níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, èmi fúnra mi ni mo gbé ẹ̀rọ náà kọ́ Ìyá Eléwé lẹ́yìn, mo bá a fa okùn rẹ̀ le.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní.

A ká ata, a sá a, a dì í. Kí ọkọ̀ tó wá kó o, ilé-iṣẹ́ máa ń bu díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn rí oògùn nínú rẹ̀, ọkọ̀ ò ní wá. Olùyẹ̀wò ni wọ́n rán wá dípò ọkọ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí bàtà òjò rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó bu ata nínú àpò ẹnìkọ̀ọ̀kan wa, ó dì í sínú ọ̀rá, ó kọ nọ́ńbà sí i lára. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ó padà dé, gbogbo wa sì pé jọ sínú ilé ìkó-ata.

"Nọ́ńbà kìn-ín-ní," ó kà á láti inú ìwé, "oògùn inú rẹ̀ pọ̀. Ìkejì, ó wà níbẹ̀, àmọ́ ó kéré. Ìkẹta, ó tún kéré sí i. Láti ìkẹrin lọ, kò sí nǹkan."

Mo mọ ohun tó ń kà. Bí ẹ̀rọ náà ṣe kúrò lẹ́yìn ẹnì kan bọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn ló ń kà. Àwa la ní kí àgbà ṣáájú, àgbà ṣáájú lóòótọ́, ata rẹ̀ ló sì fọ ẹ̀rọ náà mọ́ fún àwa tó kù.

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ata tirẹ̀ náà wà nínú ọ̀ràn, inú rẹ̀ ò dùn. "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ó ní. "Kí ló ti ọ̀dọ̀ ẹni kìn-ín-ní wá bá èmi àti ẹni kẹta?"

"Omi ewé ni," Onídìrí dáhùn. Kò fi ibi sọ ọ́. Ohun tó rí ló sọ.

Olùyẹ̀wò mi orí. "Ewé kì í ní irú oògùn yìí nínú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rẹ ewé sínú nǹkan tí oògùn ti wà rí, ó lè rí bẹ́ẹ̀."

Ìyá Eléwé káwọ́ lérí. "Gálọ́ọ̀nù yẹn ni," ó ní. "Mo ra gálọ́ọ̀nù àlòkù kan lóṣù náà, inú rẹ̀ ni mo rọ omi ewé tí a kọ́kọ́ lò sí. Mo fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ o! Àmọ́ ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, mi ò mọ ohun tí wọ́n ti rọ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Ẹ wo ọ̀ràn! Obìnrin yìí gba ẹ̀bi tí kò jẹ, ó tún bá wa wá ẹ̀rí sí i. Mo ní ọ̀rọ̀ kan péré láti sọ, ọ̀rọ̀ náà sì kọ̀, kò jáde.

Kò tíì tẹ́ Olùyẹ̀wò lọ́rùn. Ó wo igun yàrá níbi tí ẹ̀rọ fi ara ti ògiri. "Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fín in ńkọ́? Ta ló ń tọ́jú rẹ̀?"

Ẹ̀rín bú nínú ilé. "Má-fọwọ́-kàn-án ni!" Onídìrí ló kọ́kọ́ pariwo. "Lórí ẹ̀rọ yẹn, kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Bí ọba bá wá yá a, á ní kó padà lọ kọ lẹ́tà wá." Àwọn tó ń sunkún nítorí ata wọn náà ń fi etí ìró nu ojú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Olùyẹ̀wò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì ṣí ìwé sí ojú kejì. Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ló kó mi yọ.

Ó wá là á yé wa. Ilé-iṣẹ́ ò ní ra ata lọ́wọ́ nọ́ńbà kìn-ín-ní fún ọdún mẹ́ta. Ti ìkejì àti ìkẹta, ìkórè yìí nìkan ni wọn ò ní rà. Ọkọ̀ yóò wá kó ti àwa yòókù. "Bí ẹnikẹ́ni bá mọ nǹkan mìíràn," ó ní, "kó jọ̀ọ́ sọ ọ́ nísinsìnyí."

Ìyá Eléwé kúnlẹ̀. Níwájú ọmọ tí ọmọ rẹ̀ lè bí ló kúnlẹ̀ sí, lórí sìmẹ́ńtì, lójú gbogbo wa.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́," ó ń sọ fún ọmọ náà, "ẹ má yọ mí kúrò. Ọdún mẹ́ta ti pọ̀ jù fún ẹni tó dàgbà tó mi. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Ẹ dìde, Mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi." Olùyẹ̀wò ti dì í mú lápá, omi ti lé ròrò sójú òun náà.

Ibi tí ìyá náà kúnlẹ̀ sí kò jìnnà sí mi. Bí mo bá nawọ́, mo lè kàn án léjìká. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo dì í mú débi pé eyín rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo dákẹ́. Mo kórìíra ara mi, mo sì dákẹ́.

Nígbà tí mo délé, bàbá àwọn ọmọ mi ní, "Ṣé wọ́n bi yín nípa ẹ̀rọ?"

"Wọ́n bi wá."

"Kí lo sọ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"O ṣe dáadáa," ó ní, ó sì bu omi mu. Mo wo bí gògóńgò rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, inú bí mi débi pé ìta ni mo bá ara mi. Ìgbà tí mo dé ìta ni mo rí i pé ìbínú náà ò mọ sí orí rẹ̀. Òun kọ́ ló gbé ẹ̀rọ kọ́ Ìyá Eléwé lẹ́yìn. Ọwọ́ tèmi yìí ni.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń jẹun tí mi ò mọ adùn rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo gbéra lọ sílé Ìyá Eléwé. Mo ń kọ́ ẹnu mi lóhun tí yóò sọ bí mo ṣe ń lọ: màá kọ́kọ́ kí i, màá kúnlẹ̀, màá ní eérú tí mo dà ló fẹ́ padà sí mi lójú. Mo ń gbọ́ ìró àáké lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rò pé ẹnì kan ló ń la igi ìdáná.

Nígbà tí mo yà sẹ́yìn ilé, oòrùn ni mo kọ́kọ́ rí. Oòrùn wọ inú ilé ìdáná yẹn kanlẹ̀, ibi tí a máa ń jókòó sí gún ewé tí òtútù á fi mú wa. Dóńgóyárò náà ti wà nílẹ̀ gbalaja. Agégi fi ẹsẹ̀ kan lé e lórí, ó ń nu òógùn. Ìyá Eléwé jókòó sórí odó tó dojú dé, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún.

"Ìyá, kí ló dé?"

"Ọmọ mi, o káàárọ̀." Ojú rẹ̀ balẹ̀. "Mo ní kí n mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́nà yín ni. Bí igi yìí bá ṣì wà, wọ́n á máa sọ pé ewé ìyá kan ló ba ata jẹ́, wọn ò ní fọkàn tán ẹ̀yin tó kù. Ó ti tán báyìí. Kò sí ewé mọ́."

Gbogbo ohun tí mo kọ́ ẹnu mi ló fò lọ. Orúnkún mi balẹ̀ sáàárín èérún igi. Mo sọ ti Bọ̀dá Kékeré, mo sọ ti òórùn, mo sọ ti eérú. Mo ní gálọ́ọ̀nù rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Agégi rọra gbé àáké rẹ̀, ó lọ dúró sí iwájú ilé.

Ìyá Eléwé ní, "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Mà."

"Lọ́jọ́ tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mo ń wò lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Ojú ń tì mí láti gbórí sókè, ẹsẹ̀ rẹ ló wà níwájú mi. Mo ń sọ nínú ara mi pé, ó kéré tán, ẹni yìí mọ̀ pé mi ò lè ṣe é."

Mo bú sẹ́kún. Mo fẹ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó fà á sẹ́yìn.

"Dìde níbẹ̀. Ta ló ń rí ọ níbi tó o kúnlẹ̀ sí yìí? Èmi àti adìẹ. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni mo kúnlẹ̀ sí. Lọ kúnlẹ̀ síbẹ̀."

Mo lọ kúnlẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yẹ kó wá, tí Olùyẹ̀wò wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀, mo tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró mi, mo gbé e sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì kan náà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Onídìrí ni ojú rẹ̀ dun mí jù, nítorí òun ló fi orúkọ mi jẹ́rìí. Kò bú mi. Ó ní, "Háà," ó sì yíjú sí ògiri.

Wọ́n pa orúkọ Ìyá Eléwé rẹ́ kúrò lára ọdún mẹ́ta náà, wọ́n sì kọ tèmi síbẹ̀. Ata tó ti kórè ò ṣeé rà, ìyẹn ti lọ, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ wà fún èyí tó ń bọ̀. Nílé, ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá àwọn ọmọ mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀ nítorí mo dárúkọ àbúrò rẹ̀ láwùjọ. Mo ní kó máa sinmi ẹnu rẹ̀.

Kòkòrò ò dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ata tuntun yọ òdòdó, wọ́n dé. A ń rìn fún wákàtí méjì lọ já ewé níbi tí dóńgóyárò mìíràn wà, ẹrù orí kan ò sì tó obìnrin mẹ́ta lò. Onídìrí mú irúgbìn kan wá fún Ìyá Eléwé pé kó gbìn ín sójú ibi ti àtijọ́. Ó gbà á, ó sì bi í pé, "Ta ni yóò já ewé rẹ̀?" Síbẹ̀, ó bá wa gún èyí tí a rù wá, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀.

Ọjọ́ ìfín àkọ́kọ́ pé. Tíṣà, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, gbé ẹ̀rọ jáde, ó pe nọ́ńbà kìn-ín-ní. Ìyá Eléwé ò dìde.

"Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbé e," ó ní. "Ẹ jẹ́ n rí i lára tiyín ná."

Ìkejì ò mira, ìkẹta ń wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣáájú mọ́ nínú ẹgbẹ́ wa.

Mo bọ́ síwájú. Mo ní ata tèmi ni ilé-iṣẹ́ ò rà, bí nǹkan bá kù nínú rẹ̀, kó bọ́ sórí tèmi. Wọ́n bu omi ewé sí i, mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn fúnra mi, mo fa okùn rẹ̀ le. Bí a ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ náà nìyẹn: orí ebè mi ni ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ gbà kọjá, kó tó kan àgbà, kó tó kan ẹnikẹ́ni.

Ìyá Eléwé tẹ̀lé mi dé orí oko. Ó dúró sí ìbẹ̀rẹ̀ ebè, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fín lọ tí mo ń fín bọ̀. Nígbà tí mo sọ ẹ̀rọ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìrora ìbàdí, ó ṣí ọmọrí, ó ki imú bọ ẹnu rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ títí. Mo dúró tì í. Mo ń retí pé bóyá yóò pè mí lọ́mọ rẹ̀, bó ti máa ń ṣe.

Ó dé ọmọrí náà padà, ó sì pe àwọn tó wà lẹ́yìn mi. "Ó mọ́," ó ní. "Ẹ wá gbé e."